Owó Tí A Fi Ránṣẹ́, Owó Tó Dé Ọwọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí sísan owó ìrànwọ́ lórí fóònù

Ọ̀rọ̀ sísan owó ìrànwọ́ lórí fóònù ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, ó sì ká mi lára, nítorí náà ẹ forí jì mí tí ohùn mi bá lọ sókè níbì kan.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ń pa èèyàn ní ìpakúpa ní Sierra Leone, àwọn tó ń sin òkú ní ìlú Kenema gbé òkú 15 sílẹ̀ níta ilé ìwòsàn ìlú náà. Wọn kò sin wọ́n. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí wọn. Owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ṣèlérí fún wọn nítorí ewu iṣẹ́ náà ni wọn kò rí gbà.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé owó kò wọ́n. Àwọn ìjọba òkèèrè àti Báńkì Àgbáyé ti dá owó sílẹ̀ fún ìjà Ebola. Ọ̀nà tí owó náà yóò gbà dé ọwọ́ ọkùnrin tó wọ aṣọ rọ́bà nínú oòrùn, tó ń gbé òkú tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ni kò sí. Inú mọ́tò ni wọ́n ń kó owó bébà sí lọ sí àwọn agbègbè. Orí ìwé ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà. Orúkọ ẹlòmíràn wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ sí láyé, owó oṣù rẹ̀ sì ń jáde. Nọ́ọ̀sì ní láti fi aláìsàn sílẹ̀ kó lọ tò sórí ìlà nítorí owó tó ti ṣiṣẹ́ fún.

Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí san án lórí fóònù. Kí wọ́n tó tẹ kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́, wọ́n kọ́kọ́ tún ìwé orúkọ ṣe. Wọ́n ya àwòrán ojú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ ojú kan wò mọ́ òmíràn, kí ẹnì kan má bàa fi orúkọ méjì gbowó, nítorí pé káàdì ìdánimọ̀ tó dájú kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni fóònù wá wúlò. Ìsanwó tó ń gbà ju oṣù kan lọ tẹ́lẹ̀ wá ń gba ọ̀sẹ̀ kan. Ìyanṣẹ́lódì tó máa ń wáyé ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin. Ìwádìí tí Better Than Cash Alliance, àjọ tó ń polówó sísan owó lórí ẹ̀rọ, gbé jáde ní 2016 ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 10.7 dọ́là ni ọ̀nà tuntun náà dá sí.

Ìròyìn yìí ni àwọn tó ń polówó owó orí fóònù fẹ́ràn láti máa sọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ kò sí nínú fóònù. Ó wà nínú kí wọ́n mọ ta ni ta ni, kí wọ́n sì bá a dé ibi tó wà. Èrò tí mo gbé wá síbí lónìí kò ju èyí náà lọ: títẹ owó ránṣẹ́ rọrùn, gbígbà á ni iṣẹ́ wà. Ètò tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ láti ọ́fíìsì ẹni tó ń fúnni lówó máa ń kọsẹ̀ nígbà tó bá dé abúlé. Èyí tí wọ́n bá ti ọwọ́ ẹni tí yóò gbà á bẹ̀rẹ̀ ló máa ń dúró.

Gbogbo ayé ló mọ M-PESA, ètò fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ pé owó ìrànwọ́ wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ìdàgbàsókè òkèèrè nígbà náà dá nǹkan bíi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Vodafone sì fi tirẹ̀ kún un. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí àwọn tó yá owó kékeré máa fi fóònù dá a padà. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní 2005, àwọn ayáwó gbà á, àmọ́ wọ́n fi ṣe ohun tó wù wọ́n: wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá nílé, sí àbúrò níléèwé, sí oníbàárà ní ìlú mìíràn. Safaricom, ilé iṣẹ́ fóònù Kẹ́ńyà, tọ ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ lẹ́yìn, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ìlú ní oṣù kẹta ọdún 2007. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Tavneet Suri àti William Jack kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé M-PESA ti yọ ìdílé 194,000 kúrò nínú òṣì, ìyẹn ìdílé méjì nínú ọgọ́rùn-ún ní Kẹ́ńyà, àti pé àwọn ìdílé tí obìnrin jẹ́ olórí wọn ló jèrè rẹ̀ jù.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ará Kẹ́ńyà ló fúnra wọn yan ìlò rẹ̀. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2012, àwọn olówó ayé dá Better Than Cash Alliance sílẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé: USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀, àjọ Gates àti ti Ford wà níbẹ̀, Citi àti Visa náà sì wà níbẹ̀. Visa àti Citi ń jẹ nínú òwò sísan owó lórí ẹ̀rọ. Pé wọ́n ń jẹ níbẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ wọn di irọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ fún wa pé owó bébà kò dára, ó yẹ kí a béèrè èrè ta ni a ń ṣírò. Ní 2014, USAID sọ ọ́ di ìlànà pé kí àwọn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa sanwó lórí ẹ̀rọ. Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà tú USAID fúnra rẹ̀ ká. Ilẹ̀ tó bá jẹ́ pé olùrànlọ́wọ́ nìkan ló mọ bí ètò ìsanwó rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ni yóò kù sí i lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí olùrànlọ́wọ́ bá kó ẹrù rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sí Niger, aládùúgbò wa lápá àríwá, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Òjò kò rọ̀ dáadáa níbẹ̀ ní 2009. Ní ẹkùn Tahoua, àká ti ṣófo kí àsìkò oko mìíràn tó dé. Àjọ aláàánú Concern láti ilẹ̀ Ireland fẹ́ fún àwọn ìdílé ní nǹkan bíi 45 dọ́là lóṣooṣù fún oṣù márùn-ún, obìnrin ilé ni yóò sì gbà á. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Jenny Aker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá wọn pín abúlé 96 sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń gba owó bébà bí wọ́n ṣe máa ń gbà á tẹ́lẹ̀, nínú àpòòwé, níbi tí wọ́n bá pè wọ́n sí. Àwọn kan ń gba owó bébà bákan náà, àmọ́ wọ́n fún wọn ní fóònù pẹ̀lú. Àwọn ìkẹta gba fóònù, orí fóònù náà ni owó wọn sì ń wọlé sí. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n tó wà nínú pípín yẹn gan-an. Tí kò bá sí àwọn ẹgbẹ́ kejì, a kò ní mọ̀ bóyá fóònù ló ran ìdílé lọ́wọ́ tàbí ọ̀nà tí owó gbà wọlé.

Ọ̀nà tí owó gbà wọlé ni. Oúnjẹ àwọn tó gbowó lórí fóònù ní oríṣiríṣi ju ti àwọn yòókù lọ, ó fi nǹkan bíi mẹ́sàn-án sí mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún jù ú. Àwọn ọmọ wọn ń jẹ ìdá mẹ́ta oúnjẹ kan sí i lóòjọ́. Iye owó kan náà ni gbogbo wọn gbà o! Níbo ni àlékún náà ti wá? Apá kan wá láti inú àkókò. Obìnrin tí kò rìn lọ síbi ìsanwó, tí kò fi gbogbo ọjọ́ dúró lórí ìlà, ráyè fún oko àti ilé rẹ̀. Apá kejì wá láti inú àṣírí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín owó bébà, gbogbo abúlé ló mọ̀: ọkọ mọ̀, àna mọ̀, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè mọ̀. Nígbà tí fóònù bá dún, obìnrin nìkan ló gbọ́ ọ. Ó lè fẹ̀sọ̀ rò ó kó tó sọ ọ́ jáde, ó lè ra ẹ̀wà sílé kí ẹlòmíràn tó dábàá nǹkan mìíràn. Àwọn olùwádìí náà rí i pé àṣẹ obìnrin lórí ìnáwó ilé ń pọ̀ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan nínú gbọ̀ngàn yìí kò ní fẹ́ràn ohun tí mo sọ yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ ro ti ọmọ tó jẹun sí i.

Ọ̀nà tí owó gbà wọlé tún yí nǹkan padà ní Afghanístàn, níbi tí a kò rò. Ní 2009 ní agbègbè Wardak, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí san owó oṣù àwọn ọlọ́pàá díẹ̀ lórí fóònù nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ fóònù Roshan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá náà rò pé ìjọba ti fi nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kún owó oṣù àwọn. Kò sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kún un. Owó oṣù wọn gan-an nìyẹn; láti ọjọ́ yìí wá, àwọn ọ̀gá ti ń bù ú jẹ lójú ọ̀nà, ẹni tí wọ́n sì ń bu owó rẹ̀ jẹ kò mọ iye tó tọ́ sí i.

Tí mo bá dúró síbí, ẹ ó lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, àmọ́ mi ò ní tíì sọ tán. Nígbà tí ọwọ́ kan bá kúrò lójú ọ̀nà, ọwọ́ mìíràn lè bọ́ sí ipò rẹ̀. GiveDirectly jẹ́ àjọ Amẹ́ríkà tó ń fún tálákà lówó tààrà láìbéèrè ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ìlànà rẹ̀ ni pé ẹni tí yóò gbowó ni yóò fi orúkọ ara rẹ̀ gba síìmù. Ní Gúúsù Kivu ní ilẹ̀ Kóńgò, nítorí ogun àti jíjìnnà àwọn abúlé, wọ́n yẹ ìlànà náà sílẹ̀, wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa bá àwọn èèyàn forúkọ síìmù sílẹ̀. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ náà dìmọ̀ pọ̀, wọ́n pààrọ̀ síìmù, owó tó yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé tálákà sì ń wọlé sọ́dọ̀ wọn. Nǹkan bí 900,000 dọ́là ló bá a lọ. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2023, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn, nítorí irú àjọ tó máa ń bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ló pọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo owó náà lọ geere. Ìwé fi hàn pé wọ́n ti san án. Abúlé nìkan ni ẹnì kan ti lè mọ̀ pé kò dé, tí ẹnikẹ́ni bá ti lọ béèrè níbẹ̀.

Ẹlòmíràn tún wà lójú ọ̀nà tí àwọn tó ń kọ ètò máa ń gbàgbé, òun sì ni aṣojú tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó ń sọ owó inú fóònù di owó ọwọ́. Ní Nàìjíríà, oní-POS ni a ń pè é. Ẹ̀yin ìyálọ́jà mọ alájọ tó ń káàkiri ìsọ̀ láràárọ̀. Bí ẹ ṣe fọkàn tán an nítorí pé ẹ mọ ilé rẹ̀ àti ilé baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ará abúlé ṣe máa ń fọkàn tán aṣojú yìí. Ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ ní ìwọ̀n. Tí ètò ìrànwọ́ bá fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀ọ́dúnrún ìdílé lọ́jọ́ kan náà, owó bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò tán kó tó di ọ̀sán. Yóò wọ ọkọ̀ lọ sí báńkì ní ìlú, yóò san owó ọkọ̀, yóò bẹ̀rù olè lọ, yóò bẹ̀rù olè bọ̀. Ta ni yóò san án fún un? Tí ètò kò bá san án, àwọn tálákà ni yóò san án, ọgọ́rùn-ún náírà níbí, igba náírà lọ́hùn-ún.

Ẹ kò nílò kí n fi ilẹ̀ òkèèrè ṣàpẹẹrẹ ìyẹn. Ní 26 oṣù kẹwàá 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2023, káàṣì ti di ohun tí a ń wá bí ẹni ń wá oògùn. Ẹni tó ní owó nínú àkáǹtì kò rí ti mọ́tò san. Iye tí oní-POS ń gbà fò sókè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì sì ń já nígbà tí gbogbo ìlú jùmọ̀ ń tẹ owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún. Gbogbo wa la rí i nígbà yẹn bí owó orí ẹ̀rọ ṣe ń gbára lé owó bébà. Ẹni tó bá ní kí abúlé fi owó bébà sílẹ̀ kí aṣojú, iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé ibẹ̀, ìyà ló fi ránṣẹ́ sí wọn.

Tógò ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa tó sì wú mi lórí. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ọjà pa, ìjọba Tógò, pẹ̀lú mínísítà wọn Cina Lawson, bẹ̀rẹ̀ ètò Novissi ní 8 oṣù kẹrin 2020. Ẹni tó ń ta nǹkan lọ́jà, ẹni tó ń wa ọ̀kadà, ẹni tó ń ránṣọ, yóò tẹ *855# lórí fóònù èyíkéyìí, kódà fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i. Orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò ní oṣù kejì ọdún náà ni, àkọsílẹ̀ káàdì náà sì ní iṣẹ́ àti àdúgbò ẹni nínú. Bí orúkọ rẹ̀ bá yẹ, owó yóò wọ fóònù rẹ̀. Ní Lomé àti agbègbè rẹ̀, obìnrin ń gba 12,250 fáráǹsì CFA lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ti obìnrin pọ̀ sí i, mo sì rò pé ó tọ́. Ìlà kò sí, ọ́fíìsì kò sí, bàbá kan tí a óò máa bẹ̀ kò sí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tàn án dé àwọn abúlé tó tòṣì jù, wọn kò ní ìwé tó sọ ẹni tó tòṣì. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì California ní Berkeley, pẹ̀lú owó GiveDirectly, fi àwòrán sátẹ́láìtì wá àwọn agbègbè tó tòṣì jù, wọ́n sì fi bí èèyàn ṣe ń lo fóònù rẹ̀ díwọ̀n ẹni tí kò ní lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún agbègbè ni wọ́n yàn. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Nature ní 2022: ọ̀nà náà dára ju kí wọ́n kàn yan agbègbè lásán lọ, àmọ́ kò tó ohun tí àkọsílẹ̀ pípé nípa gbogbo ìdílé ì bá ṣe. Mo yìn wọ́n, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ tán. Arúgbó tí kò ní fóònù kò sí nínú ìṣírò náà. Obìnrin tó ń yá fóònù ọkọ rẹ̀ lò, ìwà ọkọ ni kọ̀ǹpútà ń díwọ̀n. Ẹni tí wọ́n bá sì sọ fún pé kò yẹ, ta ni yóò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un?

Ohun tí a sì ń kó jọ nípa tálákà ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kìíní 2022, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ Red Cross àgbáyé, wọ́n sì dé ibi àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní 515,000, tó jẹ́ pé ogun àti àjálù ti ya ọ̀pọ̀ nínú wọn nípa sí ẹbí wọn. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí Red Cross, ẹ jẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń kó ìka ọwọ́ àti ojú èèyàn jọ sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú ọ́fíìsì fara balẹ̀ bi ara wọn ní ìbéèrè.

Mo bọ̀ sílé wàyí. Ní 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, Ààrẹ Tinubu kéde pé ìdílé mílíọ̀nù 15 yóò gba ₦25,000 lóṣù kan fún oṣù mẹ́ta. Inú mílíọ̀nù 800 dọ́là tí a yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ni owó náà ti ń jáde. Gbèsè ni, àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba dá ètò náà àti àwọn ìkejì rẹ̀ dúró nítorí ẹ̀sùn ìwà àjẹbánu. Nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní dandan ni kí ẹni tí yóò gbà á ní NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, kí owó sì gba orí ẹ̀rọ. Ìlànà tó dára ni, ó sì lè dí ojú ihò tí ayédèrú orúkọ ń gbà wọlé. Àmọ́ òun náà ló fà á tí ètò náà fi rìn jẹ́jẹ́, nítorí pé àwọn tó tòṣì jù ni NIN àti àkáǹtì jìnnà sí jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ yín, tí mo sì rí díẹ̀ nínú yín níjòókòó iwájú, mo ní ẹ̀bẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ NIN lọ sí ọjọ́ ọjà abúlé, kí ìyá àgbà má ṣe wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ sí ìlú kó tó lè gba ₦25,000. Kí síìmù obìnrin wà ní orúkọ obìnrin, kí òun fúnra rẹ̀ tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ sílé, níṣojú ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ ni tí kò ní wo ohun tó tẹ̀. Kí wọ́n pín ọjọ́ ìsanwó láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, kí oní-POS tó wà níbẹ̀ mọ̀ ṣáájú, kí owó ọkọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìṣúná ètò. Kí wọ́n lẹ iye owó tó yẹ kó dé àti iye tí oní-POS lè gbà mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn alábọ́dé ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù kan tí kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é. Kí ẹni tó bá gbé e gbọ́ èdè ẹni tó ń pè, kó sì ní àṣẹ láti wo ìwé kó sọ fún un lójú ẹsẹ̀ ibi tí owó rẹ̀ wà.